Ìyá Rẹ́gí àti Ìhámọ́ra Ọ̀kẹ́rẹ́

Bí ẹ bá wọ yàrá ìránṣọ Ìyá Rẹ́gí láàárọ̀, ẹ má retí pé yóò kí yín tẹnutẹnu, nítorí abẹ́rẹ́ ló máa ń wà lẹ́nu rẹ̀. Ojú ni yóò fi kí yín, yóò sì nawọ́ sí àga kí ẹ jókòó. Kò sí ẹni tó ń bínú sí i. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ìyá Rẹ́gí, torí pé aṣọ tó bá rán, rẹ́gí ló máa ń bá ara ẹni tó ni ín mu.

Ní ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe aṣọ ìyàwó ló wà lórí tábìlì rẹ̀. Ìhámọ́ra ni. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọ̀kẹ́rẹ́ nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbélẹ̀, ti di ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lórí òkè. Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ tí a fi ń lọ ra ọṣẹ o. Kẹ̀kẹ́ onítáyà ńlá ni, tí wọ́n ń gùn sọ̀ kalẹ̀ lórí àpáta àti gbòǹgbò igi, lójú ọ̀nà tí ewúrẹ́ pàápàá yóò kọ́kọ́ ro ara rẹ̀ wò kó tó gbé ẹsẹ̀ lé.

Ní Sátidé, Ọ̀kẹ́rẹ́ fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láti góńgó orí òkè fún ìgbà àkọ́kọ́. Olùkọ́ ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ ń gun kẹ̀kẹ́, obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Kóòṣì, ti sọ pé ẹni tí kò bá ní ìhámọ́ra tó ń dáàbò bo ara kò ní gòkè. Ìyá Rẹ́gí fúnra rẹ̀ ló lọ ra ti ọmọ rẹ̀. Bó ṣe máa ń ra bàtà ilé-ìwé fún un náà ló ṣe rà á. Èyí tó tóbi ló mú.

"Màámi, ó ń rìn lára mi," ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí níwájú dígí.

"Jẹ́ kó máa rìn. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, á dúró. Ọmọ ń dàgbà, aṣọ kì í dàgbà."

"Kóòṣì ní ó gbọ́dọ̀ fún mọ́ mi lára."

"Ṣé Kóòṣì ló máa ra òmíì lọ́dún tó ń bọ̀ ni? Dúró dáadáa jàre. Iké wo tún lèyí?"

Ohun tó pè ní iké yẹn ni fóòmù kan tó nípọn, tó wà nínú àpò lẹ́yìn ìhámọ́ra náà, láti abẹ́ ọrùn títí dé ìbàdí. Ìyá Rẹ́gí fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó sì yínmú.

"Kò tiẹ̀ le. Ó rọ̀ bíi tìmùtìmù. Kí ni nǹkan rírọ̀ báyìí fẹ́ bá àpáta fà?"

Bó ṣe fa sísọ́ọ̀sì yọ nìyẹn. Ó yọ fóòmù náà kúrò lẹ́yìn ìhámọ́ra. Ó gbà á wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n ó fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀. Ó gé okùn fífẹ̀ tó wà níbi ìgbọ̀nwọ́ àti orúnkún, ó ní wọ́n rí bí okùn ẹṣin, ó sì fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó lẹ́wà rọ́pò wọn. Nígbà tí Ọ̀kẹ́rẹ́ tún un wọ̀, ẹ ó bá mi kí ìyá rẹ̀. Ìhámọ́ra náà jókòó lára ọmọ bí aṣọ tí wọ́n dì mọ́ ọn.

Bàbá rẹ̀, tó ń ṣe búrẹ́dì, wọlé dé pẹ̀lú ìyẹ̀fun lórí ìpéǹpéjú. Ó dúró, ó yí ọmọ po.

"Háà! Èyí kì í ṣe ìhámọ́ra mọ́ o, aṣọ òde ni. Ìyá ọmọ mi, ọwọ́ ẹ kò ní rọ láé."

"Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíì," ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn, inú rẹ̀ dùn dénú.

Fóòmù yẹn ńkọ́? Ẹ̀yin náà mọ̀ pé aránṣọ kì í da nǹkan nù. Ó bu aṣọ olódòdó díẹ̀, ó fi bò ó, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì sọ ọ́ di ohun tó ń gún abẹ́rẹ́ mọ́. Abẹ́rẹ́ ń wọ inú rẹ̀ bí ẹni wọ ilé bàbá rẹ̀. Ẹ má tíì fi í ṣẹ̀fẹ̀. Mélòó nínú wa ni kò bá ti ṣe bẹ́ẹ̀?

Sátidé pé. Èmi tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí wà níbẹ̀. Mo ti gbọ́ nípa òkè náà tipẹ́, ṣùgbọ́n ìròyìn ò tó àfojúbà. Bí ẹ bá gbójú wo orí rẹ̀, fìlà á já bọ́ lẹ́yìn yín. Ìkùukùu wé mọ́ ọn láàárín bí ìró. Àwọn tó wà lókè kò ju èèrà lọ lójú wa.

"Ibo ni ọ̀nà wà?" ni Ìyá Rẹ́gí bèèrè.

"Màámi, ọ̀nà nìyẹn."

"Èyí? Ògiri nìyẹn!"

Kó tó pa ẹnu dé, ọ̀kan nínú èèrà wọ̀nyẹn já sílẹ̀. A rí i, a ò rí i mọ́. Ó yọ lórí àpáta kan, òun àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ fò sókè, wọ́n dúró lójú ọ̀run bí ẹni pé wọ́n ń ronú, wọ́n sì balẹ̀ lápá ìsàlẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ ń hó lábẹ́ táyà. Kí a tó mí, ó ti kọjá níwájú wa, òórùn bíréèkì gbígbóná nìkan ló ṣẹ́ kù. Orí mi wú. Mi ò ní purọ́ fún yín, omi lé sí mi lójú, mi ò sì mọ ohun tó ń pa mí lẹ́kún.

Ìyá Rẹ́gí di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú. "Ibẹ̀ lọmọ mi ń lọ?"

Ẹ̀rù òkè náà bà á, ẹwà rẹ̀ sì tún gbá a mú. Kò lè gbé ojú kúrò níbẹ̀.

Kóòṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà tó gòkè. Kò sí ẹni tó ń kọjá láìjẹ́ pé ó yẹ̀ ẹ́ wò. Yóò ní kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́, yóò fa ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, yóò fa orúnkún rẹ̀, yóò sì na ọwọ́ lé e lẹ́yìn. Nígbà tó kan Ọ̀kẹ́rẹ́, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

"Ẹni tó tún èyí rán mọ iṣẹ́."

Ìyá Rẹ́gí na ọrùn. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ Kóòṣì ti dé ẹ̀yìn ọmọ náà, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

"Ọ̀kẹ́rẹ́, fóòmù ẹ̀yìn ńkọ́?"

"Ó wà nílé, mà."

"Kí ló ń ṣe nílé?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ wo ìyá rẹ̀. "Wọ́n gún abẹ́rẹ́ mọ́ ọn, mà."

Bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ọ̀run bí ẹni tó ń retí òjò. Kóòṣì fi ìka méjì ti ààbò ìgbọ̀nwọ́ ọmọ náà, ààbò náà sì yí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láìjà.

"Tó bá ṣubú, ilẹ̀ á ti èyí bí mo ṣe tì í yìí. Ààbò á lọ síbòmíì, ìgbọ̀nwọ́ ló máa kan àpáta."

"Ẹ jọ̀ọ́, Kóòṣì," ni Ìyá Rẹ́gí wí, ohùn rẹ̀ ti ga díẹ̀, "mo ti ń ránṣọ kí wọ́n tó bí yín. Kò sí irú ara tí mi ò tíì wọ̀n rí."

"Mo gbà bẹ́ẹ̀, Màmá. Ẹ ṣáà bá mi dán nǹkan kan wò."

Ó mú ìhámọ́ra mìíràn láti inú àpótí ẹgbẹ́ wọn, ó fa fóòmù ẹ̀yìn rẹ̀ jáde, ó ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Bàbá tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú àtàǹpàkò, bó ṣe máa ń tẹ ìyẹ̀fun tó ti wú.

"Ìyẹ̀fun pípò nìyí gan-an. Ó ń padà díẹ̀díẹ̀."

Kóòṣì tẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ sórí àpáta, ó fi fóòmù náà bò ó, ó sì na òòlù onírọ́bà tí wọ́n fi ń kan èèkàn àgọ́ sí Ìyá Rẹ́gí. "Ẹ lù ú."

"Kí n lu ọwọ́ yín? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

"Ẹ lù ú, Màmá. Ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n." (Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ dán an wò nílé.)

Ó lù ú jẹ́jẹ́. Kóòṣì ní kó fi kún un. Ó lù ú gidi. Kò dún bí fóòmù rárá. Ó dún *kó!* bí ẹni lu igi gbígbẹ, òòlù náà sì ta padà. Kóòṣì fa ọwọ́ jáde, ó ká ìka rẹ̀, ó tún nà án. Ìyá Rẹ́gí sáré tẹ fóòmù náà. Ó rọ̀, bó ṣe rọ̀ tẹ́lẹ̀.

"Ó le," ni ó wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Mo gbọ́ ọ létí mi pé ó le. Ó tún ti rọ̀."

"Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, á tẹ̀ lé ara yín, ẹ ó lè bẹ̀rẹ̀, ẹ ó lè yí. Tí nǹkan bá gbá a lójijì, á le, á sì pín agbára ohun tó gbá a káàkiri, kó má baà wọ ojú kan ṣoṣo lọ. Àwọn ìhámọ́ra mìíì wà tó jẹ́ pé pákó ike líle ló wà nínú wọn, iṣẹ́ kan náà ni. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti gé e, tí ẹ gún un lábẹ́rẹ́, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà fún un mọ́."

Kàyéfì ńlá gbáà ni lójú gbogbo wa. Ìyá Rẹ́gí gbé fóòmù náà lé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

"Ẹ̀yìn ọmọ mi ni mo yọ irú èyí kúrò. Mo ní ó jọ iké." Ojú tì í, ẹ̀rù sì bà á, ó sì sọ ọ́ síta bẹ́ẹ̀. "Báwo ló ṣe yẹ kí n yàn án?"

"Bí ẹ ṣe ń yan aṣọ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́, Màmá, kì í ṣe fún ẹni tó dúró níwájú dígí. Téèpù yín dà?"

Ó wà ní ọrùn rẹ̀, ó ti gbàgbé láti bọ́ ọ nílé. Ìyá Rẹ́gí ní kí Ọ̀kẹ́rẹ́ gun kẹ̀kẹ́, kó bẹ̀rẹ̀, kó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò wọn ara tó bẹ̀rẹ̀. Ó wọn àyà, ó wọn ìbàdí, ó wọn ẹ̀yìn láti ìsàlẹ̀ ọrùn wá sísàlẹ̀, ó dúró, ó tún un wọ̀n.

"Ẹ̀yìn rẹ̀ gùn ju bó ṣe rí nígbà tó dúró lọ!"

"Ẹ ti mọ̀ ọ́n," ni Kóòṣì wí. "Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá dúró ṣánṣán wọ ìhámọ́ra fi máa ń ra èyí tó kúrú."

Wọ́n fi iye rẹ̀ wé èyí tí wọ́n kọ sára ìhámọ́ra kọ̀ọ̀kan nínú àpótí, wọ́n sì yá Ọ̀kẹ́rẹ́ ní èyí tó bá a mu. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fò, ó gbé apá sókè. Ìyá rẹ̀ fà á níhìn-ín, ó fà á lọ́hùn-ún. Kò yẹ̀. Wọ́n dé àṣíborí tó bo ojú àti àgbọ̀n fún un, ó sì gòkè lọ.

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀yin ará, ọmọ yẹn sọ̀ kalẹ̀! Ó ń fara pitú bí ẹranko tí wọ́n fún un lórúkọ rẹ̀. Ó ku díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ wa ni táyà iwájú rẹ̀ yọ̀ lórí gbòǹgbò. Kẹ̀kẹ́ lọ sọ́tùn-ún, ọmọ lọ sósì, ẹ̀yìn rẹ̀ sì kan àpáta.

*Kó!*

Ìyá rẹ̀ mọ ìró yẹn. Ó kúnlẹ̀ síbi tó wà.

Kóòṣì ti dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà. "Má dìde. Mi ìka ọwọ́. Mi ti ẹsẹ̀. Ṣé ọrùn ń dùn ẹ́? Ẹ̀yìn ńkọ́?"

Ìka ọwọ́ mì. Ìka ẹsẹ̀ mì. Lábẹ́ àṣíborí, a gbọ́ ohùn kan: "Kóòṣì, kẹ̀kẹ́ mi dà?"

Bàbá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ẹkún ló sì fi parí rẹ̀. Wọ́n gbé Ọ̀kẹ́rẹ́ lọ sílé ìwòsàn kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kò sì gun kẹ̀kẹ́ mọ́ lọ́jọ́ náà. Ara rẹ̀ bó díẹ̀ níbi itan, ẹ̀yìn rẹ̀ ro ó fún ìgbà díẹ̀, ó tán. Kóòṣì gba ìhámọ́ra tó wọ̀, ó yà á sọ́tọ̀. Ó ní nǹkan tó ti gba irú ìkọlù bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ padà sórí òkè láìyẹ̀ ẹ́ wò, bí ó bá sì ti bàjẹ́, òmíràn ni wọn yóò rà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ràn òkè, ohun tí a ní kí ẹ bá wa rántí kò pọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọ̀nà tí ẹ ń gbà sọ ohun tí ẹ ó wọ̀: bí ọ̀nà bá tẹ́, àṣíborí pẹ̀lú ààbò orúnkún àti ti ìgbọ̀nwọ́ lè tó, bí ó bá dà gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀ bí ògiri Ìyá Rẹ́gí, ẹ bo àyà, ẹ̀yìn, èjìká àti ojú pẹ̀lú. Ẹ wá àkọlé tó fi hàn pé wọ́n ti dán an wò, tó sì sọ apá ibi tó wà fún. Ẹ wọ̀ ọ́ kí ẹ tó sanwó, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ fà á; bí ó bá ń rìn, ẹ dá a padà. Ẹ má gé e, ẹ má tún un rán. Ìhámọ́ra ò sì sọ ènìyàn di òkúta o, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Bí ẹ bá wọ yàrá Ìyá Rẹ́gí lónìí, ẹ ó rí fóòmù olódòdó yẹn lára ògiri. Kò sí abẹ́rẹ́ kankan lára rẹ̀ mọ́. Bí òbí kan bá sì sọ níbẹ̀ pé èyí tó tóbi lòun fẹ́ rà, torí ọmọ ń dàgbà, Ìyá Rẹ́gí yóò yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu kó lè dáhùn.

"Ó ń dàgbà lóòótọ́," ni yóò wí. "Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ délé."