Ológbò Monísọ́lá Ń Wá Ibi Tí Yóò Bímọ Sí

Oṣù méjì lẹ́yìn tí a sin ìyàwó mi, ológbò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ìyàwó mi ṣe rìn ní ọ̀sẹ̀ tó lò kẹ́yìn láyé. Ikùn rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yà, a sì máa dúró láàárín yàrá bí ẹni tó gbàgbé ibi tó ń lọ.

Òmù-Èkìtì ni, lọ́dún 2002. Monísọ́lá kú sórí ìrọbí, ọmọ kò jáde. Ó ti bẹ̀ mí láàárọ̀ ọjọ́ náà pé kí n má lọ sóko. Mo ní òjò ń bọ̀, kòkó tí mo sá yóò bu. Nígbà tí mo fi dé, ara rẹ̀ ti tutù.

Lógójì ọjọ́, àwọn ẹbí rẹ̀ wá láti Ifisin láti kó ẹrù rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe. Wọ́n kó aṣọ, wọ́n kó ìkòkò, wọ́n kó kànìnkànìn tó fi ń wẹ̀. Ìyá rẹ̀ wá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó bi mí lẹ́ẹ̀mẹta.

“Akínlolú, ṣé ẹrù ọmọ mi ti pé? Kò sí èyí tó kù n'ulé yìí?”

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ní ó ti pé. Ó wá pe orúkọ òkú. “Monísọ́lá, a ti kó ẹrù rẹ. Máa bá wa ká lọ.”

Kò pé. Ẹrù ìkókó tí Monísọ́lá dì sílẹ̀ wà lábẹ́ ibùsùn: fìlà kékeré, aṣọ òtútù, ìtẹ́dìí mẹ́fà. Mo rò ó pé ti ọmọ ni, kì í ṣe ti ìyá. Ọmọ tèmi sì ni.

Àbúrò mi, Títílọlá, wá láti Ìbàdàn kó lè mú mi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. “Bọ̀dá mi, ẹ ti rù jù. Bí mo bá fi yín sílẹ̀ níbí, ẹ ò ní í pẹ́ gbẹ mọ́ ògiri.” A fi ìrìn àjò sí ọjọ́ Jímọ̀.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, ológbò náà kọ ẹja. Títílọlá yí i padà, ó tẹ ọmú rẹ̀. Wàrà jáde.

“Ó ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Tó bá ti kọ oúnjẹ, tó ń wá kọ̀rọ̀, tó ń lá ìdí rẹ̀ báyìí, kò ní í pẹ́ mọ́.” Ó rẹ́rìn-ín. “Bọ̀dá mi, ẹ ti di agbẹ̀bí.” Ó wo ojú mi, ẹ̀rín náà sì tán.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, ológbò wọ abẹ́ ibùsùn, ó fi èékánná tú ẹrù náà, ó dùbúlẹ̀ lé e. Ó ń la ẹnu, ó ń mí gúlegúle. Ìrora ń fún ikùn rẹ̀. Mo dìde kí n bu omi. Gbogbo rẹ̀ dúró. Ó jáde, ó lọ nà gbalaja sẹ́nu ọ̀nà. Mo jókòó, ó padà, ìrora bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe rí títí ilẹ̀ fi ṣú nìyẹn. Inú póò ni mo tọ̀ sí, bí ọmọdé.

“Ológbò ni o, Bọ̀dá!” Títílọlá bínú nígbà tó di Jímọ̀. “Ṣé ẹ̀yin lẹ fún un lóyún ni?”

A ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ọ̀kadà gbé wa dé gáréèjì Ìkọ̀lé. Ọkọ̀ kò tíì kún tí mo fi gbọ́ ọ lábẹ́ àga: gúlegúle, gúlegúle. Mo rò pé etí mi ló ń tàn mí. Títílọlá wá gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè.

“Dírẹ́bà, ta ló gbé ẹran sábẹ́ àga?”

Dírẹ́bà bẹ̀rẹ̀ wò ó. Báàgì wa nìkan ló wà níbẹ̀. A sọ̀ kalẹ̀, a padà sílé.

Mo jókòó ti ológbò náà títí di ọ̀sán Sátidé. Ọmọ mẹ́rin ló bí, láìké. Ó lá wọn gbẹ, ó fi ẹnu gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan gba ojú fèrèsé lọ sí ilé ìdáná aládùúgbò wa. Lẹ́yìn ìkẹrin, kò padà wá mọ́.

“Ó tán,” ni mo wí. Títílọlá gbé báàgì.

Lórí ibùsùn lẹ́yìn wa, nǹkan kan ń mí gúlegúle.

“Bọ̀dá,” ó rọra sọ ọ́, “ológbò ti jáde. Ta ló ń mí?”

Mo wá jẹ́wọ́ ẹrù náà fún un. Kò bá mi wí. Ó fà á jáde, ó dì í, ó gun ọ̀kadà lọ sí Ifisin láti dá a padà fún ìyá ìyàwó mi. Mo jókòó. Lórí ibùsùn, èékánná ń ha aṣọ, ìrora ń wá, ó ń lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ló dé. Ẹrù náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọn ò tú u.

“Kí ni Ìyá wí?”

“Wọn ò fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo làwọn ń pe òkú kó tẹ̀ lé ẹrù rẹ̀. Wọ́n ní wọ́n bi yín, ẹ sì dáhùn.”

Kò wọlé. Ó gbé e kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́ sí mi. “Ẹ jáde, Bọ̀dá mi. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ṣáà jáde.”

Mo dìde. Ibùsùn dákẹ́. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, ẹsẹ̀ ẹni tó wúwo, tó ń di ògiri mú. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó lọ dúró láàárín èmi àti àbúrò mi.

Mo jókòó padà. Mo ní kí Títílọlá máa lọ, kí ọkọ̀ tó kẹ́yìn má bàa fi í sílẹ̀.