Ẹ Bá Mi Sọ̀ Ọ́ O

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá rò pé àròsọ ni, kó dé Mólípà ní Ìjẹ̀bú-Òde, kó béèrè ilé Déọlá onímọ́ín-mọ́ín. Wọn á júwe ilé náà fún un dáadáa. Wọn ò ní bá a débẹ̀.

Déọlá kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ òwò yẹn, ìyá rẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Ìyá Déọlá fi ru abọ́ tánganran ńlá kan, tó ń kiri mọ́ín-mọ́ín ewé. Lónìí á wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, lọ́la á wọkọ̀ lọ sí Odogbolu tàbí Ayépé. Ohùn rẹ̀ ló ń bá a tajà. Tó bá polówó níbẹ̀rẹ̀ àdúgbò, àwọn tó wà lópin àdúgbò á ti mú àwo jáde. Ìpolówó náà ò gùn rárá:

"Mọ́ín-mọ́ín elépo rè é o! Ó rọ̀, ó gbóná, ó ń ta sánsán! Ẹ bá mi sọ̀ ọ́ o!"

Ẹni tó bá pe ẹni tó ń kiri ọjà ló máa bá a sọ ẹrù rẹ̀. Ẹni tó bá sì bá a sọ̀ ọ́ náà ló máa gbé e rù ú padà, kó tó máa lọ. Kò sẹ́ni tó jókòó kọ́ wa. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a.

Lọ́jọ́ kan, ìyá yìí ṣubú lójú ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù lórí. Wọ́n ní ó ti ń polówó láti àárọ̀ ọjọ́ náà, kò sì sẹ́ni tó pè é. Àwọn tó gbé e wálé búra pé àwọn ò bá abọ́ kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí mọ́ín-mọ́ín kan ṣoṣo nílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ìyá ò sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n á gbé e jókòó sórí àga, á jókòó. Ọrùn rẹ̀ le, ó dúró ṣánṣán, bí ọrùn ẹni tó ru nǹkan tí kò fẹ́ kó dà. Tí wọ́n bá fẹ́ tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Dókítà ní àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Ilé gbà bẹ́ẹ̀.

Déọlá fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ kó lè máa tọ́jú ìyá rẹ̀. Ó gba òwò mọ́ín-mọ́ín náà, ṣùgbọ́n inú rọ́bà ló ń sè é sí, kò sì kiri. Orí fóònù ló gbé ọjà lọ. Ó ya mọ́ín-mọ́ín ní fọ́tò láti ọ̀tún, ó yà á láti òsì, ó gbé e sórí Wasáàpù. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi àmì ọkàn pupa sí i. Ọkàn pupa ò yóni, kò sì sọ pé òun fẹ́ ra nǹkan kan.

Ó fẹ́ kí ọjà tà, a ò lè purọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ń fẹ́ ju ìyẹn lọ ni kí ìyá rẹ̀ pè é ní Àwẹ̀ró lẹ́ẹ̀kan péré sí i. Ìyá rẹ̀ nìkan ló ń fi oríkì náà pè é láyé. Ìgbà mìíràn wà tó máa ń kúnlẹ̀ síwájú àga, tó máa ń wo ẹnu ìyá náà títí ẹsẹ̀ á fi kú tipiri.

Moṣọpẹ́ ló mú ọ̀nà àbáyọ wá. Ọmọ àbúrò bàbá Déọlá ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa polówó ọjà ọlọ́jà lórí ayélujára. Ó wo àwọn fọ́tò náà, ó mi orí.

"Àǹtí mi, fọ́tò yín ò sọ̀rọ̀."

"Mọ́ín-mọ́ín máa ń sọ̀rọ̀ ni?"

"Ẹ polówó bíi ti Màmá. Ẹ gbé abọ́ rù. Màá fi ṣe fídíò."

"Ojú á tì mí, Moṣọpẹ́."

"Ẹ jẹ́ kó tì yín díẹ̀. Ọjà á tà."

Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ṣe é. Déọlá ká ìborùn ní òṣùká, ó gbé abọ́ tuntun kan tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ rù, ó rìn bọ̀, ó polówó. Ẹ̀rín fẹ́ gbà á lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó pe ìpolówó náà parí. Bó ṣe ní "Ẹ bá mi sọ̀ ọ́ o," Moṣọpẹ́ pa kámẹ́rà. Ó jókòó, ó gé fídíò náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó so ìparí rẹ̀ mọ́ ìbẹ̀rẹ̀.

"Tó bá parí, á tún bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀," ló wí, inú rẹ̀ ń dùn. "Ẹni tó ń wò ó ò ní mọ ibi tó parí sí."

Wọ́n tẹ̀ ẹ́ kó sọ̀rọ̀ nínú yàrá ìyá. Déọlá inú fóònù ń rìn bọ̀, ó ń polówó, ó ní kí wọ́n bá òun sọ̀ ọ́, ó tún ń rìn bọ̀. Lórí àga, ọwọ́ ìyá gbéra díẹ̀díẹ̀. Ó lọ sókè orí rẹ̀, ó di nǹkan mú nínú afẹ́fẹ́. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ wò ó, inú wọn ń dùn," ni Moṣọpẹ́ wí. Déọlá náà gbà bẹ́ẹ̀. Ó ń wù ú kó gbà bẹ́ẹ̀.

Moṣọpẹ́ gbé fídíò náà sórí ayélujára, ó sì tàn ká. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń kọ̀wé pé omi ń bọ́ lójú àwọn. Àwọn tó wà nílé ń béèrè ọjà. Ìkòkò kan ò tó mọ́, Déọlá ra òmíràn. Moṣọpẹ́ ń jó kiri ilé bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Nígbà náà ni ẹnì kan láti Ayépé kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ fídíò pé: "Ẹ ṣeun tí ẹ wá sí àdúgbò wa láàárọ̀ yìí. Mo pè yín, ẹ ò dúró."

Déọlá rò pé ẹni náà ṣi ènìyàn mú ni. Kò tíì dé Ayépé lọ́dún yẹn.

Lẹ́yìn náà ni Alhaja Sàdíátù wá. Odogbolu ni ìyá àgbà yìí ń gbé, oníbàárà ìyá rẹ̀ ni láti ìgbà pípẹ́. Ó ní òun wá ra mọ́ín-mọ́ín, ṣùgbọ́n inú ń bí i.

"Déọlá, kí ni mo ṣe fún ọ tí o kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi lánàá tí o ò yà?"

"Èmi kẹ̀, Màámi? Mi ò jáde lánàá."

"Wálláhì, mo gbọ́ ọ. Mo pè ọ́ títí. O ń polówó lọ ni."

"Ṣé ẹ rí mi?"

Alhaja Sàdíátù fi etí ìborùn rẹ̀ nu ẹnu.

"Mo gbọ́ ọ," ló tún wí. Nígbà tó yá, ó ní, "Kì í tiẹ̀ ṣe ohùn rẹ. Ohùn ìyá rẹ ni."

Ó yíjú sí ìyá tó wà lórí àga. Ìyá náà ń wò ó. Ọrùn rẹ̀ ò mì.

"Fídíò tí ọmọ mi fi hàn mí yẹn," ni Alhaja wí jẹ́jẹ́, "ta ló bá ọ sọ abọ́ náà?"

"Èmi ni mo gbé e kalẹ̀ fúnra mi, nígbà tá a parí."

"Nínú fídíò ńkọ́?"

Déọlá ronú. "Kò sẹ́nì kan."

Alhaja Sàdíátù dìde. Ó kí ìyá, ó kí Déọlá, ó jáde. Ó gbàgbé mọ́ín-mọ́ín tó rà sórí tábìlì. Déọlá sáré tẹ̀ lé e pẹ̀lú rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ìyá àgbà náà ti gun ọ̀kadà, kò sì wẹ̀yìn.

Déọlá pe Moṣọpẹ́ lójú ẹsẹ̀, ó ròyìn ọ̀rọ̀ Alhaja fún un. "Pa fídíò yẹn rẹ́."

"Àǹtí mi! Nǹkan tó ń tajà? Ẹnì kan ló ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn tẹ̀ ẹ́ kiri. Ìpolówó ọ̀fẹ́ nìyẹn."

"Pa á rẹ́."

Moṣọpẹ́ pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n obìnrin kan ní Ìmọ̀wọ̀, tí kò ní fóònù tó ń wo fídíò, ló pàdé Déọlá lọ́jà, tó ní ohùn ìyá rẹ̀ jí òun. Ayépé. Odogbolu. Ìmọ̀wọ̀. Déọlá dúró láàárín ọjà, orí rẹ̀ dàrú. Ohun yòówù kó jẹ́, ó ń bọ̀ wálé. Ẹ̀rù bà á gan-an. Ó sì ń ṣe é bí ẹni pé kó tètè dé.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ló dé. Àwọn ènìyàn ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọ́n ti jẹun, wọ́n ti sùn. Iná ò sí. Jẹnẹrétọ̀ kankan ò dún. Oòrùn mú, òpópó náà ṣófo. Adìẹ tó ń wa ilẹ̀ lábẹ́ fèrèsé dáwọ́ dúró.

"Mọ́ín-mọ́ín elépo rè é o!"

Déọlá fò dìde. Kò jìnnà. Ohùn náà ni, ohùn tó ti ń jí i láti kékeré.

"Ó rọ̀, ó gbóná, ó ń ta sánsán!"

Ìyá di aṣọ rẹ̀ mú láti orí àga. Agbára wo lèyí lára ẹni tí kò lè gbé ṣíbí? Ojú ìyá náà là kalẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń padé. Déọlá yọ ìka ìyá rẹ̀ kúrò lára aṣọ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ẹkún.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màámi. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ yín."

Ó dé ẹnu géètì. Kò sẹ́nì kankan. Òórùn ewé gbígbóná àti epo pupa gba gbogbo ojú ọ̀nà.

"Ẹ bá mi sọ̀ ọ́ o!"

Kí Déọlá dákẹ́, kò dákẹ́. "Onímọ́ín-mọ́ín o!" ló pè.

"Òo!"

Iwájú rẹ̀ gan-an ni ìdáhùn náà ti wá.

Déọlá na ọwọ́ méjèèjì sókè. Ọwọ́ rẹ̀ kan tánganran tó gbóná. Ó kan ibì kan tó ti bó ní etí abọ́ náà. Òun ló jẹ́ kó bó, nígbà tó wà lọ́mọdé tó jù ú lulẹ̀. Ó gbé e. Ó wúwo. Ó sọ̀ ọ́ wá sí iwájú àyà rẹ̀, níbi tí kò ti rí nǹkan kan.

Nínú yàrá, ẹnì kan mí kanlẹ̀.

"Àwẹ̀ró."

Ohùn ìyá rẹ̀ ni, láti orí àga. Ayọ̀ fẹ́ là á láyà. "Màámi!" ló kígbe.

"Àwẹ̀ró," ni ohùn kan náà wí níwájú rẹ̀, lẹ́nu géètì. "Ọjà mi ń tutù. Gbé e rù mí, kí n máa lọ."

"Àwẹ̀ró," ni ti inú yàrá wí. "Jọ̀ọ́. Má gbé e rù mí mọ́."

Déọlá wo ilé. Ó wo ọ̀nà. Abọ́ náà ń jó o lọ́wọ́.

Moṣọpẹ́ ló kọ́kọ́ bá a níbẹ̀, nígbà tí oòrùn ti rọlẹ̀. Ó wá kí wọn ni. Ó bá Déọlá lẹ́nu géètì, tó na ọwọ́ síwájú bí ẹni tó gbé ẹrù, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àǹtí mi, kí lẹ gbé dání?"

"Moṣọpẹ́, èwo nínú wọn ni ìyá mi?"

Moṣọpẹ́ ò gbọ́ ohùn kankan. Ó yọjú wo yàrá láti ojú fèrèsé. Ìyá dùbúlẹ̀ gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì, ọrùn rẹ̀ rọ̀, ó ń sùn. Kò sẹ́ni tó gbé e débẹ̀. Nígbà tó padà sí géètì, òórùn ewé gbígbóná ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Ó wo ọrùn Déọlá. Ọrùn náà ti le, ó dúró ṣánṣán.

"Ọwọ́ ń ro mí," ni Déọlá wí. "Jọ̀ọ́, bá mi sọ̀ ọ́."

Moṣọpẹ́ kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn.