Ṣíọ̀ Nìkan Ló Kù Lẹ́nu Màmá

"Ẹ̀yin èèyàn, ṣé ẹ gbọ́? Ìyá mi ní ṣíọ̀ ẹ! Kí lo tún ń dúró ṣe nílé wa?"

Ìyàwó ilé fi etí aṣọ nu itọ́ lẹ́nu ìyá ọkọ rẹ̀, ó tún bu oúnjẹ ṣíbí kan sí i lẹ́nu. Ó ti rẹ̀ ẹ́, kì í sì í ṣe irú èyí tí oorun ń gbà lọ́wọ́ èèyàn. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti gbé Màmá dè, òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń yí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, òun ló ń fọ ìdọ̀tí. Bó bá ṣe tán, á tún lọ jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítorí aṣọ oníbàárà kò mọ̀ pé ẹnì kan ń ṣàìsàn.

Ẹni tó ń pariwo yìí ni àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin. Ìyàwó fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọlé. Orúkọ dáadáa dànù! Eyín yẹn funfun lóòótọ́, àmọ́ inú tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dúdú ju ìdí ìkòkò lọ.

Àìsàn náà kó gbogbo ọ̀rọ̀ lẹ́nu Màmá lọ, ó wá ku ẹyọ kan: ṣíọ̀! Ẹ gbà mí! Kò ṣẹ́ "omi" kù, kò ṣẹ́ "o ṣé" kù, ṣíọ̀ ló rí ṣẹ́ kù. Bí wọ́n bá pè ọ́ ní olè, o lè jiyàn. Bí wọ́n bá pè ọ́ ní ọ̀lẹ, o lè fi ọwọ́ rẹ tó bó hàn wọ́n. Ta ló ń bá ṣíọ̀ jiyàn? Ẹni tó sọ ọ́ sí ọ ti gbójú kúrò kó o tó yanu.

Níbẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ni ìyàwó máa ń lọ sunkún sí. Nígbà tó yá ló wá yé e. Bí Màmá bá ní ṣíọ̀ tó ń wo kóòpù, òùngbẹ ni. Bó bá ní ṣíọ̀ tó ń fa aṣọ, òtútù ni. Òun náà á ní, "Mo gbọ́, Màámi," ọ̀rọ̀ á sì parí. Eyínfúnjowó mọ èyí dáadáa! Àmọ́ ìkà kì í jẹ́ kí òótọ́ dí òun lọ́wọ́. Ó ránṣẹ́ pe Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá wọn tó ti dolóògbé, pé kó wá lé ìyàwó jáde.

Bàbá Kékeré jókòó ti bẹ́ẹ̀dì Màmá.

"Bàbá, mi ò fẹ́ pariwo," ni Eyínfúnjowó wí, ẹni tó ti ń pariwo láti àárọ̀. "Obìnrin yìí ń fìyà jẹ ìyá wa! Màmá, ṣé ẹ fẹ́ kó máa bá wa gbé?"

"Ṣíọ̀!"

"Ẹ gbọ́ tẹnu ẹ̀!"

Ọkọ ìyàwó, kàfíńtà tí ẹnu rẹ̀ dùn bó bá ń dájọ́ fún oníbàárà, tẹ orí ba. "Kí ni mo fẹ́ ṣe? Bí ìyá mi bá ti kọ̀ ọ́, kó máa kó ẹrù ẹ̀."

Ìyàwó wò ó. "Ẹ̀yin náà, olówó orí mi? Ibo ni kí n lọ? Ta ni kí n fi Màámi sílẹ̀ fún?"

"Òun ló bí ọ ni?" Eyínfúnjowó figbe ta. "Alábòsí! Àgàbàgebè! Èmi ọmọ inú ẹ̀ á tọ́jú ẹ̀!"

Bàbá Kékeré gbọ́wọ́ sókè. Ó tẹ̀ síwájú sí Màmá.

"Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n máa lọ sílé?"

"Ṣíọ̀!"

"Ṣé kí n dúró?"

"Ṣíọ̀!"

"Ṣé èmi ni mo rẹwà jù nínú ilé yìí?"

"Ṣíọ̀!"

Bàbá Kékeré rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Ti ìkẹyìn yìí, mo gbà pé ó tọkàn wá. Ẹ̀yin ọmọ yìí, ọ̀rọ̀ tó ń jáde sí gbogbo nǹkan kò lè lé ìyàwó nílé."

Ibi tí wọ́n dé nìyẹn tí wọ́n gbọ́ tí ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn. Alábàárù méjì ló gbé bẹ́ẹ̀dì tuntun dé. "Ẹ ńlẹ́ o! Àǹtí Bèbí ní ká gbé e wá. Yàrá ìyá arúgbó yẹn ni wọ́n ní ká tò ó sí. Ṣé wọ́n ti gbé ìyá yẹn lọ ni?"



Bèbí tẹ̀ lé wọn, ọ̀rẹ́ Eyínfúnjowó ni, ó gbé àpótí dání, ó ti kun ètè. Bó ṣe rí ìyàwó, ó dúró gbagidi, ó kọjú sí kàfíńtà. "Háà! Kò tíì lọ? Ẹ ní kó tó dọ̀sán, òun àti ìyá yín á ti kúrò, kí n máa wọlé bọ̀ ní tèmi!"

Ìyàwó ń wo bẹ́ẹ̀dì náà. Aṣọ tó wà lára mátírẹ́ẹ̀sì rẹ̀, òun ló rán an lọ́sẹ̀ tó kọjá! Ọkọ rẹ̀ ní oníbàárà kan ló ni ín, pé kó rán an kó dáa. Ó sì rán an kó dáa. Ó jókòó sílẹ̀.

"Ìyá tó bí ọ lo fẹ́ gbé jù síta?" Bàbá Kékeré yíjú sí kàfíńtà. "Nítorí obìnrin?"

"Bàbá, òun ló mú un wá bá mi!" Kàfíńtà nàka sí àbúrò rẹ̀.

"Irọ́ ni! Ìwọ lo ní Màmá ń rùn!"

Màmá wo ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó wo ọkùnrin. "Ṣíọ̀," ló wí, wẹ́rẹ́ báyìí. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó túmọ̀ sí. Eyínfúnjowó fọwọ́ bojú.

Ọjọ́ náà ni Eyínfúnjowó kó ẹrù rẹ̀ jáde nílé, tí àwọn ará àdúgbò tò sẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń wò ó. Bèbí kò tiẹ̀ dúró dágbére. Bàbá Kékeré pàṣẹ fún kàfíńtà pé kó máa sùn nínú ìdọ̀tí pákó ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kó máa wá wẹ ìyá rẹ̀ láràárọ̀.

Kàfíńtà dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyàwó rẹ̀. "Dárí jì mí."

"Ẹ dìde. Bí mo bá ní mo ti dárí jì yín, irọ́ ni mo pa. Ó ti rẹ̀ mí jù." Ó yíjú sí àwọn alábàárù. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé bẹ́ẹ̀dì yẹn wọlé, ẹ gbé e sún mọ́ ti Màámi."

Wọ́n gbé e wọlé. Ó fi ṣíbí lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó dùbúlẹ̀ lé bẹ́ẹ̀dì náà lọ́sàn-án gangan, ó sì sùn. Kò sẹ́ni tó jí i.