Àpótí Kan Tó Pọ̀ Jù

Oòrùn ti ń ta sórí àwọn páànù tó ti dípẹtà ní àdúgbò náà ní Ìjẹ̀bú-Òde, irú àárọ̀ tí òórùn gààrí máa ń gba gbogbo ọ̀nà kan, tí ẹni tó ti pẹ́ lẹ́yìn odi kì í gbàgbé. Mùínátù ń yan gààrí nídìí agbada. Gààrí rẹ̀ kan dáadáa, ó sì gbẹ. Àwọn èèyàn ń ti Ìbefun wá rà á.

Ayman, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, jókòó sórí pèpéle pẹ̀lú kọ̀ǹpútà lórí ẹsẹ̀. Ìkànnì kan ló kọ́, tí ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà fi lè ṣe fọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀. Àwọn àpótí ìbéèrè tò sí ẹ̀gbẹ́ kan: orúkọ, ọjọ́ ìbí, àwòrán àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Èèyàn á fi ìka wọ́ èyí tó bá wù ú, á jù ú sáàárín, fọ́ọ̀mù ti délẹ̀ nìyẹn.

Àlàájà Rahmah, akọ̀wé rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn jọra, tí Mùínátù wà, ló fẹ́ kọ́kọ́ lò ó, láti fi kọ orúkọ àwọn obìnrin tó máa jáde lọ́jọ́ Ojúde Ọba.

"Ayman, ṣé kí n wọ́ èyí náà?"

"Ẹ wọ́ ọ, mà. Ẹ jù ú síbẹ̀."

Àlàájà wọ́ ọ, ó bú sẹ́rìn-ín. "Wò ó bó ṣe ń yọ̀ lọ! Ìyá Ayman, ọmọ ẹ mà gbọ́n o. Ṣé ọ̀dọ̀ bàbá ẹ̀ ló ti mú un?"

"Bàbá ẹ̀ wo? Kí Ọlọ́run forí jì í, kò mọ rédíò í tàn!"

Orúkọ àti ìwọ̀n bàtà nìkan ni ẹgbẹ́ nílò. Ṣùgbọ́n wíwọ́ náà ti dùn mọ́ Àlàájà. Ó wọ́ àpótí kan tẹ̀ lé òmíràn, títí ó fi kan èyí tó ń béèrè àìsàn tó ń ṣe èèyàn àti oògùn tó ń lò.

"Ẹnìkan dákú lójú oòrùn lọ́dún tó kọjá, a ò mọ ohun tá a máa sọ fún dókítà," ló wí. "Jẹ́ kó di dandan. Àwa tá a jọ dàgbà, kí là ń fi pamọ́ fún ara wa?"

Ayman fi àmì pupa sí i. Ẹni tí kò bá dáhùn ún, fọ́ọ̀mù rẹ̀ kò ní lọ.

Lọ́sàn-án, Ẹ̀bùnolúwa, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ kọ́ ìkànnì náà, pè é láti Ìjagun.

"A ò tíì fi ọ̀rọ̀ aṣínà ti ibi tí ìdáhùn ń lọ o. Ẹni tó bá ti ní líǹkì ibẹ̀ á rí gbogbo ẹ̀. Má tíì gbé e fún wọn."

"Ẹgbẹ́ màámi mà ni. Ta ló fẹ́ wá a? Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún bí àpótí ṣe ń yọ̀ ṣe."

"Ìwọ àti yíyọ̀!"

Ohun tí Ayman kò mọ̀ ni pé kòkòrò HIV ti wà lára ìyá rẹ̀ kí bàbá rẹ̀ tó kú. Mùínátù kì í pa oògùn rẹ̀ jẹ, àwọn dókítà sì ti sọ fún un pé kòkòrò náà ti rẹlẹ̀ débi pé àyẹ̀wò kò rí i mọ́. Nígbà tí fọ́ọ̀mù náà dé fóònù rẹ̀ lálẹ́, tó kọ ọ́ dé ibi àmì pupa, ó fẹ́ fò ó. Fóònù kọ̀.

"Ayman, àwọn wo ló máa rí èyí?"

"Akọ̀wé nìkan ni, màámi."

Ọmọ rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó kọ òótọ́ sí i.

Lọ́jọ́ kejì, Àlàájà fẹ́ rán àwọn tó kù létí, ló bá ṣèèṣì fi líǹkì ìdáhùn sórí Wọsáàpù ẹgbẹ́ dípò ti fọ́ọ̀mù. Kí wọ́n tó kí Ásárì, ọ̀rọ̀ Mùínátù ti dé Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Ayman sáré ti ibẹ̀ pa, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ti ya àwòrán rẹ̀ sí fóònù wọn.

Obìnrin kan gbé gààrí tó rà padà wá, ó dà á sí ẹnu ọ̀nà Mùínátù.

"Ṣé o fẹ́ pa wá ni?"

"HIV kì í gba inú oúnjẹ ranni," Mùínátù wí. "Bí a jọ jẹun, bí a dì mọ́ ara wa, kò lè ràn. Ẹ lọ bi dókítà."

"Gbé ẹnu ẹ sọ́hùn-ún! Àṣé nǹkan tó pa ọkọ ẹ nìyẹn!"

Nípàdé, wọ́n gbé àga rẹ̀ sí ìta. Wọ́n fi ọ̀dà èékánná pupa sàmì sí ife rẹ̀. Àlàájà Rahmah rí i, ó sì ń ka orúkọ àwọn tó wá lọ.

Láti ìgbà náà ni Mùínátù kò ti lọ gba oògùn mọ́, nítorí àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì pè é.

"Màámi, oògùn yẹn ló dá kòkòrò náà dúró. Tẹ́ ẹ bá pa á tì, á tún pọ̀ sí i, ara yín ò sì ní lè bá àìsàn mìíràn jà. A lè kọ yín sí ilé ìwòsàn mìíràn."

"Màá wá, nọ́ọ̀sì mi."

Kò lọ. Oṣù ń gorí oṣù, ikọ́ mú un, ó gbẹ bí igi. Nígbà tí Ayman fi máa gbé e dé ilé ìwòsàn, ikọ́ ẹ̀gbẹ ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Ó yíjú sí ògiri. Bẹ́ẹ̀ ló wà títí tó fi kú.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó yẹ kí wọ́n wẹ òkú rẹ̀ dúró sí gbàgede, wọ́n ń wo ara wọn. Nọ́ọ̀sì náà ló ká apá aṣọ sókè tó wọlé lọ wẹ̀ ẹ́. Àlàájà Rahmah dé ẹnu ọ̀nà, ó ń sunkún, kò lè wọlé, kò sì lè padà sílé. Kò sẹ́ni tó ní kó jókòó.

Ìwọ tó ń ṣe fọ́ọ̀mù, bí o kò bá mọ ohun tí o fẹ́ fi ìdáhùn kan ṣe, má ṣe béèrè rẹ̀. Ti ilẹ̀kùn ibi tí ìdáhùn ń lọ kí o tó pe ẹnikẹ́ni wọlé. Ẹwà ojú ìwé lè dúró. Ìwọ tí wọ́n ní kí o kọ ọ́, o lẹ́tọ̀ọ́ láti bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe, o sì lè kọ̀, ìbáà jẹ́ ọmọ rẹ ló gbé e wá. Ìwọ tó ń lo oògùn, má ṣe tìtorí ẹnu ayé pa á tì; ní kí wọ́n fún ọ níbòmíràn. Bí àṣírí ẹlòmíràn bá sì já bọ́ sórí fóònù rẹ lónìí, pa á rẹ́ kí o tó kà á tán.