Omi Tí Matilda Ń Fà Sí Èèyàn Lára

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, bí o bá dé Ìkòtún tí o béèrè Nọ́ọ̀sì Matilda, wọ́n á júwe ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún ọ. Bẹ́ẹ̀, Matilda kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ó kọ́ iṣẹ́ náà díẹ̀, kò parí rẹ̀.

Omi ló ń fi abẹ́rẹ́ fà sí àwọn èèyàn lára. Kì í ṣe aláìsàn ló pọ̀ nínú wọn. Ẹni tó fẹ́ kí ara òun máa dán ń wá, ẹni tí iṣẹ́ ti tán lókun náà ń wá. Matilda a gbé omi kọ́, a da fítámì sí i, a sì fi oògùn mìíràn tí kì í dárúkọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni kún un.

Òun fúnra rẹ̀ ń fa omi náà. Nígbà tó yá, oorun dá lójú rẹ̀. Ó lè dùbúlẹ̀ títí kí àyà rẹ̀ ṣáà máa lù kìkì. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi oògùn oorun sínú omi tirẹ̀. Oògùn náà ràn án fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn náà kò ràn án mọ́, Matilda sì ń bù ú sí i. Ẹ̀rù ń bà á. Síbẹ̀, kò kìlọ̀ fún oníbàárà kankan.

Hamdalah, ọ̀dọ́mọbìnrin kan láti Ìdímù tí ìgbéyàwó rẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, wà lára àwọn oníbàárà náà. Ó wá ṣàlàyé pé láti ìgbà tí òun ti ń fa omi ni òun kò ti rí oorun sùn, ó sì béèrè bóyá kí òun lọ rí dókítà. Matilda ní ọ̀rọ̀ náà kò tó bẹ́ẹ̀. Ó po oògùn oorun tirẹ̀ gan-an mọ́ omi, ó fà á sí i lára.

Ọmọ náà sùn, kò sì jí. Nígbà tí ìyá rẹ̀, Sìkírátù, wá mú un, èémí rẹ̀ ti ń lọ tín-ín-rín. Ó gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ilé ìwòsàn. Àwọn dókítà fẹ́ mọ ohun tí wọ́n fà sí i, Sìkírátù sì pe Matilda lórí fóònù. Matilda ní fítámì lásán ni. Ó pa fóònù, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó sá lọ sí Egan, sọ́dọ̀ Mary, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin.

Mary ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà. Matilda jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní ó sàn kí òun kú báyìí. Ó bẹ Mary pé kó ṣáà gbàdúrà kí ọmọ náà jí, kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Mary gbé àwo ẹ̀wà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Màá gbàdúrà. Ṣùgbọ́n ọmọ ọlọ́mọ ń kú lọ, ìwọ nìkan lo sì mọ ohun tó wà lára rẹ̀. Àdúrà wo la fẹ́ gbà tí ìwọ á ṣì máa purọ́?"

"Wọ́n á mú mi, Mary."

"Ó ṣeé ṣe. Màá bá ẹ lọ. Jésù ò kú fún ẹni rere, àwa ẹlẹ́ṣẹ̀ ló kú fún. Ké pè é, ká máa lọ."

Matilda sunkún. Kò rí àdúrà gígùn gbà. Ó kàn ní, "Jésù, apànìyàn ni mí. Má jẹ́ kó kú. Gbà mí."

Wọ́n gun ọ̀kadà lọ. Níwájú Sìkírátù ni Matilda ti dárúkọ oògùn náà fún dókítà, tó sì sọ bí ó ṣe pọ̀ tó. Sìkírátù gbá a létí. Matilda kò gbé ọwọ́ sókè láti fi bojú.

Ohun tó sọ ni wọ́n fi mọ bí wọ́n ṣe máa tọ́jú Hamdalah. Ilẹ̀ mọ́ kí ó tó lajú, ó sì ní òùngbẹ ń gbẹ òun.

Àwọn ọlọ́pàá mú Matilda, ó sì jìyà ohun tó ṣe. Dókítà ló fọgbọ́n já a kúrò lẹ́nu oògùn oorun díẹ̀díẹ̀, nítorí kò ṣeé fi sílẹ̀ lójijì. Kò rọrùn fún un. Sìkírátù kì í dáhùn bí Matilda bá kí i títí di òní. Ṣùgbọ́n Matilda kò sá fún ẹnikẹ́ni mọ́, nítorí Olúwa ti dárí jì í.

Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí ńkọ́? Ó lè jẹ́ pé o kò gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́ rí. Ṣùgbọ́n ta ló ń jìyà lọ́wọ́ nítorí òtítọ́ tí o fi pamọ́? Dókítà lè tọ́jú ara. Ẹ̀jẹ̀ Jésù nìkan ló ń wẹ ẹ̀ṣẹ̀ nù. Jésù kò ní kí o kọ́kọ́ di ẹni rere kí o tó wá. Wá bí o ṣe rí, wá lónìí. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà, kí o jẹ́wọ́ fún un. Bí o bá sì dìde, lọ bá ẹni tí o ṣẹ̀.