Ohun Tí Eyínfúnjowó Fi Wọ Ẹgbẹ́

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Akóṣà kò ju akèrègbè ńlá kan lọ. Orí ni wọ́n ń dé e sí, á sì fa àṣà tó wà nínú ọpọlọ ẹni jáde tòun ti ohùn. Ní Yunifásítì Òkè-Òṣùpá, tó wà lórí òṣùpá gan-an, akẹ́kọ̀ọ́ kankan kì í wọ Ẹgbẹ́ Onímọ̀ Àṣà Ẹ̀dá láìmú ará ilé rẹ̀ kan wá dé akèrègbè yìí. Ìbíyẹmí sì ń fẹ́ ẹgbẹ́ náà lójú méjèèjì. Ẹni tí kò bá lẹ́gbẹ́ lókè ọ̀hún, òun àti ògiri ni yóò máa jùmọ̀ jẹun.

Dúródọlá, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ni Ìbíyẹmí mú wá láti ilé ayé. Obìnrin yìí ló tọ́ ọ lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó bá a nílé ọkọ, kò pe orúkọ rẹ̀ rí, bí ìyàwó ilé kì í ti í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Eyínfúnjowó ló sọ ọ́, kò sì sí ẹlòmíràn tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Àṣà yìí gan-an ni ẹgbẹ́ ń fẹ́.

Dúródọlá kò yára dé akèrègbè náà. Ó bi Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣówándé, tó ṣe ẹ̀rọ náà, bóyá ohun tí wọ́n bá mú yóò ṣì kù sọ́wọ́ òun.

"Fọ́tò lásán ni, ìyá. Ẹni tí wọ́n yà ní fọ́tò kì í dín."

"Ẹni tó wa iṣu ńkọ́? Ṣé ebè rẹ̀ kì í ṣófo?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, ó ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kì í ṣe oko. Obìnrin náà kọjú sí ọmọ ọkọ rẹ̀. "Eyínfúnjowó, ọkọ mi, ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ ẹ?"

Ohun tá a ní là ń náání, àmọ́ ìkánjú ò jẹ́ kí Ìbíyẹmí náání tirẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Dúródọlá bá dé e. Akóṣà kùn, ó tàn, ó sì kú. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ pàtẹ́wọ́, wọ́n fi àmì ẹgbẹ́ kọ́ Ìbíyẹmí lọ́rùn. Dúródọlá dìde, ó tún gèlè rẹ̀ wé.

"Ìbíyẹmí," ló wí, "ṣé o ti ṣetán? Jẹ́ ká máa lọ."

Ọmọbìnrin náà dúró bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó pe òun bó ṣe máa ń pe òun. Dúródọlá wò ó tàánú-tàánú, ó ní orúkọ wo tún ni. Ìbíyẹmí bú sẹ́kún. Ó ní kí Ọ̀jọ̀gbọ́n dá ohun tí ẹ̀rọ gbà padà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kò lè wo ojú rẹ̀. "Kì í padà," ló wí. "Ìyá tèmi ló kọ́kọ́ dé e."

Ọmọ ẹgbẹ́ kan tí kò mọ nǹkan kan tẹ ẹ̀rọ náà. Ohùn Dúródọlá, ohùn tó fi ń rẹ Ìbíyẹmí lẹ́kún láti kékeré, jáde látinú akèrègbè: "Eyínfúnjowó, ọkọ mi, ẹ káàbọ̀."

Dúródọlá wẹ̀yìn, ó béèrè ẹni tí wọ́n ń kí.