Ọ̀nà Sàró Kò Gba Kánò Kọjá

Ọjọ́ Jàkúta ni, ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ṣàngó. Ṣàngówálé ti fọ odó Ṣàngó ilé wọn, ó ti to orógbó sínú àwo, ó sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà ojúbọ, ó ń retí àlejò. Àlejò ọ̀hún ni Bíyìí, ọmọ abúlé kejì tó ń gbé ìgboro Ìbàdàn, tó máa ń gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ dúdú wá sóko, tí àwọn ọmọdé á sì máa sáré tẹ̀ lé.

Bíyìí ti múṣẹ́ wá fún Ìbídùnní, ọmọ Ṣàngówálé, ẹni ogún ọdún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fírídọ́ọ̀mù iṣẹ́ aránṣọ ní Mọníyà. Ó ní ilé ìránṣọ ńlá kan ń retí rẹ̀ ní Freetown, olú ìlú ilẹ̀ Sàró. Ohun kan ṣoṣo tí ọ̀gá ibẹ̀ ń béèrè ni pé kí ọmọ náà búra níwájú Ṣàngó ilé bàbá rẹ̀ pé òun ò ní fiṣẹ́ sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, àti pé ohunkóhun tójú òun bá rí níbẹ̀, ẹnu òun ò ní sọ ọ́.

Ìbúra yìí gan-an ló fi Ṣàngówálé lọ́kàn balẹ̀. Láyé tí gbogbo èèyàn ń sá fún òrìṣà, ẹni tó bá ní kí wọ́n wá búra níwájú Ṣàngó kò lè jẹ́ èké. Èrò tirẹ̀ nìyẹn. Àgbẹ̀ tó já fáfá ni Ṣàngówálé, kò sẹ́ni tó lè ta ilẹ̀ tí kò dáa fún un. Síbẹ̀ kò rí i pé ọmọ tòun nìkan ni wọ́n ní kó búra, pé Bíyìí àti ọ̀gá ọ̀hún kò búra kankan.

Ẹni tí kò fẹ́ kó gbọ́ sí ọ̀rọ̀ náà ni àbúrò rẹ̀, Olúfúnmi. Tíṣà jọ́gíráfì tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi sì ni, kì í kọjá igi dóńgóyárò tó wà níwájú ojúbọ. Ṣùgbọ́n Ìbídùnní ti fi fóònù dágbére fún un. Kí oòrùn tó mú, ọ̀kadà ti já a sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọ̀sẹ̀ o. Mo gbọ́ pé ọmọ wa ń lọ sí Sàró."

"Ó ń lọ. Má sì wá bá mi jà."

"Èmi ò bá yín jà. Ìlú dáadáa ni Freetown."

Ẹnu ya Ṣàngówálé. Ó ti gbára dì fún ìjà, wọn ò sì bá a jà. "Ṣé bí Bíyìí ṣe wí náà ni? Ó ní àwọn èèyàn wa wà níbẹ̀, pé wọ́n tiẹ̀ ní egúngún."

"Òótọ́ ni. Nígbà òwò ẹrú, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń dá ọkọ̀ ẹrú dúró lójú òkun, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń kó àwọn tí wọ́n bá gbà sílẹ̀ lọ. Ọmọ Yorùbá pọ̀ nínú wọn. Wọ́n bá àwọn tó ti tẹ̀dó síbẹ̀ ṣáájú, wọ́n kọ́lé, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Àwọn kan nínú wọn padà wálé, àwọn la ń pè ní Sàró. Òkè ló wà lẹ́yìn ìlú náà, òkun wà níwájú, òjò ibẹ̀ sì ju tiwa lọ dáadáa. Ààrẹ wọn ń gbé ibẹ̀, àmọ́ àwọn aráàlú ló ń dìbò yan ẹni tó ń ṣàkóso ìlú fúnra rẹ̀."

Inú Ṣàngówálé dùn. "O ò wá rí i pé iṣẹ́ gidi ni."

"Ibo ni yóò ti wọkọ̀?"

"Ọjà Ṣáṣá, lọ́sàn-án òní. Tírélà tó kó tòmátì wá láti òkè Ọya ni yóò gbé òun àtàwọn tí wọ́n jọ ń lọ. Yóò já wọn sí Kánò, wọ́n á wá gba ibẹ̀ lọ."

Olúfúnmi mú igi kan nílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó fa ìlà gígùn sórí iyẹ̀pẹ̀. "Òkun nìyí. Ìbàdàn nìyí, lókè rẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó ń lọ Sàró, ìwọ̀ oòrùn ló ń lọ. Etí òkun ni yóò máa tọ̀: Kutọnu, Lomé, Ákírà, Àbíjàn, Monrovia, kó tó kan Freetown." Ó wá gbé igi náà lọ sókè réré, ó fi gún ilẹ̀. "Kánò nìyí. Lẹ́yìn Kánò, aṣálẹ̀ ni. Lẹ́yìn aṣálẹ̀, Líbíyà. Kí lẹni tó ń lọ sétí òkun ń wá lọ sí aṣálẹ̀?"

Ṣàngówálé wo ilẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń ta gàrí ní Ṣáṣá, ó sì mọ ibi tí tírélà tòmátì máa ń kọjú sí tí wọ́n bá já ẹrù tán.

"Ìwé ìrìnnà rẹ̀ ńkọ́?" Olúfúnmi béèrè.

"Bíyìí ní kò nílò rẹ̀, pé ọmọ ìyá ni wá pẹ̀lú Sàró."

"Físà ni kò nílò. Ìwé ìrìnnà pọn dandan. Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ."

Bíyìí dé, ó fun fèrè ọkọ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ kí wọn. Ṣàngówálé wọlé, ó gbé edùn àrá jáde, ó gbé e síwájú rẹ̀.

"Bíyìí, ọmọ mi á búra. Àmọ́ ìwọ ni wàá kọ́kọ́ búra. Fọwọ́ kan èyí, kó o sọ pé Freetown lò ń mú un lọ, pé iṣẹ́ ìránṣọ ló máa ṣe, pé ìgbàkígbà tí mo bá fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀, mo máa gbọ́ ọ."

Bíyìí sún sẹ́yìn. "Bàbá, onígbàgbọ́ ni mí o. Èmi kì í fọwọ́ kan òrìṣà."

"Kò burú," ni Olúfúnmi wí. Ó ṣí báàgì rẹ̀. "Bíbélì rèé. Òun ni kó o fọwọ́ kàn."

Bíyìí wo edùn àrá, ó wo Bíbélì. Ó ní fóònù òun ń dún nínú ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́ fóònù kankan. Ó wọlé sínú ọkọ̀, ó fi ẹ̀yìn rìn, ó tẹ agbọ̀n ẹ̀gẹ́ kan fọ́, ó sì wa ọkọ̀ náà sá lọ.

Ìbídùnní, tó ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé, ti kọ nọ́ńbà ọkọ̀ náà sílẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba àgọ́ ọlọ́pàá Mọníyà lọ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá dé Ṣáṣá, ọmọbìnrin mẹ́rin ni wọ́n bá nínú tírélà, lórí apẹ̀rẹ̀ tòmátì òfìfo. Gbogbo wọn ló ti búra nílé bàbá wọn. Ó pẹ́ gan-an kí wọ́n tó gbà láti sọ orúkọ ara wọn. Nọ́ńbà ọkọ̀ náà ni àwọn ọlọ́pàá fi ń wá Bíyìí.

Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ wálé, Ìbídùnní ní, "Bàbá, ká ní mo ti lọ, tójú mi sì rí màbo níbẹ̀, ṣé ǹ bá pè yín?"

Ojú ti Ṣàngówálé, ó sì jẹ́ kó hàn. "O ò ní lè pè mí. Èmi ni ǹ bá ti dì ọ́ lẹ́nu."

Ẹ̀yin òbí, kò sóhun tó burú nínú ìrìnàjò. Ìbídùnní ṣì ní òun á rí Freetown lọ́jọ́ kan, ìwé ìrìnnà ló sì máa kọ́kọ́ gbà. Ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mú ọmọ yín rìnrìn àjò, ẹ bi í léèrè ìlú, ẹ bi í léèrè ọ̀nà, kẹ́ ẹ sì fi ohun tó bá sọ han ẹni tó mọ ibẹ̀. Ẹ bá ọ̀gá ibi iṣẹ́ náà sọ̀rọ̀ fúnra yín. Tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ń lọ́, ẹ fi tó ọlọ́pàá létí, tàbí NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti fífi èèyàn ṣòwò. Ọmọ tó bá sì ti búra kó má bẹ̀rù láti sọ̀rọ̀. Ìbúra tí wọ́n fi ẹ̀tàn gbà lẹ́nu èèyàn kò dè é. Iṣẹ́ yòówù tí wọ́n bá ní kí ọmọ yín má lè ròyìn rẹ̀ fún yín, ẹ má jẹ́ kó ṣe é.